Ohùn kan, gìtá kan: kí ló dé tí orin wa máa ń kú tá a bá ti ń ká a sílẹ̀?

Olóhùn Tútù: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà olórin, ẹ gbà mí o. Èmi ni mò ń kọrin, ọ̀rẹ́ mi ń ta gìtá, àwa méjì péré, kò sí dúrọ́ọ̀mù kò sí béèsì. Orin jazz tó lọ́ra gan-an la fẹ́ ká sílẹ̀, bíi bíìtì 60 láàárín ìṣẹ́jú kan. Tá a bá kàn jókòó tá à ń ṣeré, ó máa ń dùn débi pé mo máa ń dijú, àmọ́ tá a bá ti tan ẹ̀rọ báyìí, ó tán. A kọ́kọ́ ká gìtá sílẹ̀ pẹ̀lú metronome, ẹ̀rọ tó máa ń dún láti ka bíìtì, ọjọ́ kejì mo wá gbé headphone sétí mo kọrin lé e, ó wá dà bí ẹni tó ń bá ògiri sọ̀rọ̀. A yọ metronome, la bá ń sáré, 60 ti di 70 kí orin tó parí. Kí la ṣì ṣe?

Okùn Mẹ́fà: Ọjọ́ kejì tó o lọ kọrin yẹn gan-an ni. Báwo ni gìtá ọ̀rẹ́ ẹ ṣe fẹ́ dá ẹ lóhùn nígbà tí o ò tíì kọrin? Ẹ jókòó sí yàrá kan náà, ẹ kọjú síra, kó máa wo ẹnu ẹ, ibi tó o bá ti mí kóun náà mí. Ẹ lọ gbọ́ Ella Fitzgerald akọrin jazz àti Joe Pass onígìtá, èyí tí wọ́n ká sílẹ̀ ní 1973, ohùn àti gìtá nìkan. Tí màmá yẹn bá ń kọrin, bàbá yẹn ò ní da gìtá bò ó, á dúró de àlàfo, á wá fi kọ́ọ̀dù méjì mẹ́ta síbẹ̀, ó parí.

Olóhùn Tútù: Ẹ ṣé sà. Ṣé ohùn mi ò ní wọnú máìkì gìtá báyìí?

Ọmọ Sítúdíò: Á wọ̀ ọ́, jẹ́ kó wọ̀ ọ́ 😄 Wàhálà tó wà níbẹ̀ ò ju pé tó o bá ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, ẹ ò lè gé tìẹ nìkan, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa tún un ṣe. Tẹ́ ẹ bá rí máìkì figure-8, èyí tó ń gbọ́ iwájú àti ẹ̀yìn tó sì di etí sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìyẹn ni kẹ́ ẹ fi gbé gìtá, kẹ́ ẹ wá yí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sí ẹnu ẹ. Ìwọ náà sún mọ́ máìkì tìẹ, bíi sẹ̀ǹtímítà 15, kó o má pariwo, bí Julie London, akọrin jazz kan, ṣe kọrin kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí máìkì ní 1955 yẹn. Ẹ pa fáànù o! Orin tó lọ́ra ò ní ibi tí ariwo máa sá pa mọ́ sí, àga tó bá ké báyìí, gbogbo ayé ló máa gbọ́.

Ìyá Kọ́ọ̀dù: Ẹ má bú metronome jù, wíwojú ara ẹni nìkan ò lè wo eré sísá sàn. Ẹ fi sí 30 tẹ́ ẹ bá ń kọ́ ọ, kó máa dún lẹ́ẹ̀kan láàárín bíìtì méjì, kẹ́ ẹ máa ka ìyókù fúnra yín, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ká a sílẹ̀ kẹ́ ẹ wá pa á. Àmọ́ ọmọ mi, ta ló mú kíì, ìyẹn ohùn tí orin dúró lé? Àwọn onígìtá fẹ́ràn E àti A torí ọ̀pọ̀ okùn ni wọn ò ní fìka tẹ̀ níbẹ̀, ohùn akọrin á wá máa nà kó tó débẹ̀. Ní bíìtì 60, báà mẹ́rin tó jẹ́ bíìtì mẹ́rin-mẹ́rin, ìṣẹ́jú àáyá 16 ni, tó bá tún wá ga jù, èémí á tán, wàá sì sáré débi tó o ti máa mí. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ ní fírẹ́ẹ̀tì méjì ná, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lọ́rùn gìtá yẹn.

Olóhùn Tútù: Ẹ ṣé mà, kíì A ni lóòótọ́ 😂 A ti sọ ọ́ kalẹ̀ sí G, a sì kọjú síra lálẹ́ àná, ìgbà kẹta ló bọ́ sí i. Ọ̀rẹ́ mi ṣi okùn kan tẹ̀ láàárín, ó ní ká tún un ṣe, mo ní kò sóhun tó jọ ọ́, a ti ń jà lórí ẹ̀ látàárọ̀.