Wolé-wolé, wólé-wólé, àbí wọlé-wọlé?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Èrò mẹ́ta ló wà nílẹ̀ lórí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì máa ń rán káàkiri ojúlé ní Èkó àtijọ́. Ẹnì kan ní wólé-wólé ni, torí pé wọ́n wó ilé onílé. Ẹnìkejì ní wọlé-wọlé ni, torí pé wọn kì í kàgò kí wọ́n tó wọlé. Ẹnìkẹta ní ká pa gbogbo rẹ̀ tì, ká kọ "alábòójútó ètò ìmọ́tótó àyíká" sínú ìwé ìtàn tí à ń tú sí Yorùbá.

Wolé-wolé ni tèmi. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ti ohùn. Bí "wò" bá pàdé ilé, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ á gòkè sí àárín: wo ilé, wolé. "Wó" kì í sọ ohùn òkè tirẹ̀ nù. Gbogbo àgbà Èkó tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu wọn, ohùn àárín ni wọ́n ń lò, "o" ni wọ́n sì ń pè, kì í ṣe "ọ".

Ká tún wo iṣẹ́ wọn. Wọ́n á ṣí àmù wò bóyá tanwíjí wà nínú rẹ̀. Wọ́n á yẹ agolo tó gba omi òjò wò, wọ́n á dé ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á dé ilé ìgbẹ́. Iṣẹ́ ojú ni látòkèdélẹ̀. MacGregor, gómìnà Èkó láti 1899 sí 1904, oníṣègùn ni, ó sì ti gbógun ti ẹ̀fọn. Nígbà tí Dókítà Ládípọ̀ Olúwọlé di igbákejì ọ̀gá ìlera ìlú Èkó ní 1925, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà, yíyẹ ilé wò yìí ló fi ṣe ohun ìjà. (Ó ṣeé ṣe kí orúkọ bàbá yìí gan-an ló ń ti àwọn kan sọ́nà "wọlé".) Ilé wíwó ní tirẹ̀, àjọ mìíràn ni ìjọba dá sílẹ̀ fún un ní 1928, lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn eku tó jà ní Èkó láti 1924. Ẹni tó ń wo ilé kọ́ ló ń wó o.

Ní ti "alábòójútó ètò ìmọ́tótó àyíká", àlàyé nìyẹn, kì í ṣe orúkọ. Ará Èkó ò dúró de ìgbìmọ̀ kankan. Bí a ṣe ní panápaná, jagunjagun àti gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n ṣe rọ wolé-wolé. Ìyá ìyá mi ní bí ẹnì kan bá ti ké "wolé-wolé ń bọ̀!" lójúde, kí wọ́n tó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo agbo ilé ti da omi àmù nù. Ta ló fẹ́ fi gbólóhùn gígùn yẹn ké?

Àwọn kan nínú wa tún dábàá "kólẹ̀kólẹ̀" fún àwọn tó ń kó pàǹtí. Ó bá òfin èdè mu, àmọ́ ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ mọ́, bí àmì bá sì ti jábọ́, kólékólé tó ń jí ẹrù onílé kó ni òǹkàwé máa rí. Ẹ má fi orúkọ olè pe ẹni tó ń tún ìlú ṣe. "Akólẹ̀kódọ̀tí" dára jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ agbépóò di "òṣìṣẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀" náà. Òru ni wọ́n fi ń ru póò, ìyẹn garawa ìgbẹ́, kúrò nílé onílé. Ìjọba tiẹ̀ ṣe ojú irin kékeré láàárín Èkó tí wọ́n fi ń kó o lọ sí etí ọ̀sà. Ẹrù tí wọ́n rù wà nínú orúkọ yẹn. Bí a bá yọ póò kúrò, ọmọ tó máa ka ìwé náà ò ní mọ ohun tí wọ́n gbé sórí.

Ojú ewé tí mo ní lọ́wọ́, "wole wole" ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ láìní àmì. Ẹni tó ń ṣàtúnṣe, ẹ bá wa fi gbogbo àmì rẹ̀ sí i.