4,294,967,297: ṣé prime ni àbí kì í ṣe prime?

Akóòdù: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀ ìṣirò. Mo pe 4,294,967,297 ní n, mo fi n pín 2^(n−1), 1 ló ṣẹ́ kù. Ṣebí àmì prime (nọ́ńbà tó jẹ́ pé 1 àti òun fúnra rẹ̀ nìkan ló pín in dọ́gba) nìyẹn? Àmọ́ wọ́n ní 641 pín in dọ́gba. Èwo ni ká gbà? Báwo lèèyàn sì ṣe lè rí 641 láìlo kọ̀ǹpútà?

Aṣèṣirò: 641 pín in, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ẹ mú 6,700,417: ọ̀nà 600 rẹ̀ jẹ́ 4,020,250,200, ọ̀nà 40 jẹ́ 268,016,680, ẹ fi òun fúnra rẹ̀ kún un. Iye yín ló máa jáde.

Ìdánwò yẹn ló tàn yín jẹ. 2^32 + 1 ni nọ́ńbà yìí, nítorí náà tí ẹ bá fi n pín 2^32, bíi pé −1 ló ṣẹ́ kù ni. Tí ẹ bá dé 2^64, ó di 1. n − 1 sì rèé, 2^32 ni, 64 sì pín in dọ́gba. Kò sí bí 1 ò ṣe ní jáde. Gbogbo nọ́ńbà tó bá rí báyìí, ìyẹn 2^(2^k) + 1, ló máa ń yege ìdánwò oní-2, ì báà jẹ́ prime tàbí kó má jẹ́. 3 ni kí ẹ lò: tó bá jẹ́ prime ni, n − 1 gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù tí ẹ bá fi n pín 3^((n−1)/2). Ti èyí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìṣẹ́kù: Ti ìwé àti gègé: Fermat, onímọ̀ ìṣirò ayé àtijọ́, gbà pé prime ni gbogbo nọ́ńbà 2^(2^k) + 1, torí pé 3, 5, 17, 257 àti 65,537 jẹ́ bẹ́ẹ̀. Euler, onímọ̀ ìṣirò mìíràn, ló fi hàn ní 1732 pé èyí tó tẹ̀ lé wọn, ìyẹn 4,294,967,297, kì í ṣe prime. Tí prime p bá pín 2^32 + 1, ẹ ó máa fi 2 sọ 2 di púpọ̀ títí dé 2^64 kí 1 tó kọ́kọ́ ṣẹ́ kù. 1 náà ló sì ń ṣẹ́ kù lára 2^(p−1) (òfin Fermat fúnra rẹ̀ nìyẹn o!), nítorí náà 64 gbọ́dọ̀ pín p − 1. Àwọn prime tó bá èyí mu ni 193, 257, 449, 577, 641. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún lẹ ti máa bá a.

Ọ̀nà tó dùn mọ́ mi jù: 641 = 5 × 2^7 + 1, ó tún jẹ́ 5^4 + 2^4. Lójú 641 (ìyẹn, tí a bá ń wo ohun tó ṣẹ́ kù nìkan lẹ́yìn tí a fi 641 pín), 5 × 2^7 jẹ́ −1, nítorí náà 5^4 × 2^28 jẹ́ 1. Ẹ fi −2^4 rọ́pò 5^4: −2^32 jẹ́ 1. Ó parí.

Akóòdù: Ẹ ṣeun púpọ̀. 6,700,417 ńkọ́, ṣé kò tún ṣe é pín?

Aṣèṣirò: Prime ni. Onímọ̀ ìṣirò Lucas fi hàn pé 128, kì í ṣe 64 nìkan, ló ń pín p − 1 fún gbogbo prime p tó bá pín 2^32 + 1. Ẹ kò ní kọjá 2,588, torí pé 2,589 × 2,589 ti ju 6,700,417 lọ, nítorí náà 257, 641, 769, 1,153 àti 1,409 nìkan lẹ máa dán wò. Ohun tó ń ṣẹ́ kù: 170, 44, 120, 334, 622.

Ìṣẹ́kù: Ẹ ṣọ́ kóòdù yín. Nínú ààyè oní-bíìtì 32 (tó ń gba òǹkà 0 àti 1 méjìlélọ́gbọ̀n péré), nọ́ńbà yìí á di 1 wẹ́rẹ́, láìsí ìkìlọ̀. Oní-64 gbà á, àmọ́ 2^32 × 2^32 máa di 0 kí ẹ tó ráyè fi n pín in. Ẹ lo irú nọ́ńbà tí kò ní òdiwọ̀n.