Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ wo lẹ fi ń gbádùn láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ yín? Ẹ kó o wá o

OnifotokopiOta:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ṣọ́ọ̀bù kékeré ni mo ní, mò ń bá èèyàn tẹ̀wé, mò ń ṣe fọ́tókọ́pì, mò ń sọ ìwé di PDF, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣá. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni mo fi ń ṣe é, Core i5 jẹnẹréṣọ̀n karùn-ún, RAM 4GB, Windows 10. Látìgbà tí Microsoft ti jáwọ́ lọ́rọ̀ Windows 10 ní October 2025 ni ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ti ń dà mí láàmú pé kí n lọ ra òmíì, pé eléyìí ò lè gba Windows 11. Kí n fi kí ni rà á? Owó pépà nìkan ti tó kéèyàn sá kúrò nílùú.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé sọ́fítíwíà kéékèèké wo ló wà lórí kọ̀ǹpútà yín tẹ́ ẹ ò lè ṣe láìsí ẹ̀. Mi ò fẹ́ èyí tó máa ní kí n wá fi káàdì ATM sílẹ̀, mi ò sì fẹ́ èyí tó máa mu dátà bí omi. Wàhálà mi tó pọ̀ jù ni pé oníbàárà á kàn dé, á ní "ẹ bá mi wá CV tí mo tẹ̀ níbí lọ́dún tó kọjá", màá wá a wá a títí NEPA á fi mú iná lọ. Háàdì díìsìkì náà tún ti kún, mi ò mọ ohun tó kún un. Tẹ́ ẹ bá sì ní àwọn nǹkan tó yani lẹ́nu tẹ́ ẹ ti rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ sọ ọ́ síbí, ọjà dákẹ́ lónìí.

LekanFerese:
Ọ̀gá mi, ti CV yẹn ò le rárá. Ẹ lọ sí voidtools.com, ẹ dánlóòdù Everything. Orúkọ ẹ̀ nìyẹn o, Everything, kò tó 5MB. Tẹ́ ẹ bá ti ṣí i, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ á ti mọ gbogbo fáìlì tó wà lórí díìsìkì yín, bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni yóò máa yọ ọ́ síta. Ìdí tó fi yá tó bẹ́ẹ̀ ni pé NTFS, ìyẹn ìlànà tí Windows fi ń to fáìlì sórí díìsìkì, ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní MFT, orúkọ gbogbo fáìlì ló wà níbẹ̀. Search tó bá Windows wá, níbi tí kò bá tíì ṣe àkọsílẹ̀ tiẹ̀, ńṣe ló máa ń wọ fóldà kan jáde kó tó bọ́ sí òmíì. Everything ò ráyè ìyẹn, MFT yẹn ló ń kà tààrà, bí ẹni tó lọ bi baálẹ̀ dípò kó máa kanlẹ̀kùn ojúlé kọ̀ọ̀kan.

Ẹ tẹ ext:docx kẹ́ ẹ fi orúkọ oníbàárà tẹ̀ lé e, Word nìkan ló máa mú wá. Ẹ tẹ size:>500mb, á kó gbogbo fáìlì ńlá ńlá síta, ìyẹn á ti bá yín dé ìdí ọ̀rọ̀ díìsìkì tó kún. Nǹkan kan wà ṣá o, orúkọ fáìlì ló mọ̀ wá kíákíá, kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ kọ sínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ "Document1", "Document2", "new new final" lẹ ń fi sóríi CV àwọn èèyàn, Everything gan-an ò lè ràn yín lọ́wọ́. Orúkọ oníbàárà àti ọdún ni kẹ́ ẹ máa fi sí i. Fláàṣì tó bá jẹ́ FAT32 (ìlànà míì tí wọ́n fi ń to fáìlì) náà, ẹ máa ní láti fi ọwọ́ fi kún un nínú Options, nítorí kò ní MFT.

Fún díìsìkì tó kún, WizTree ni témi, ọgbọ́n kan náà ló ń lò.

SisiKoodu:
@LekanFerese WizTree dáa lóòótọ́ àmọ́ ilé nìkan ló ti jẹ́ ọ̀fẹ́, tó bá jẹ́ ibi iṣẹ́ tó ń pawó, láísẹ́ńsì ni wọ́n ní kéèyàn rà. Ọ̀gá oní-fọ́tókọ́pì, WinDirStat ni kẹ́ ẹ gbé, ìyẹn ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo ayé. Á ya díìsìkì yín bí àpótí kéékèèké aláràbarà, àpótí tó bá tóbi jù, fáìlì tó gbàyè jù nìyẹn. Ẹ má kàn máa pa nǹkan rẹ́ o! Tẹ́ ẹ bá rí hiberfil.sys, ibẹ̀ ni Windows ń kó iṣẹ́ yín sí tó bá fẹ́ lọ sí hibernate. Àwọn kan lórí YouTube á ní kẹ́ ẹ tẹ powercfg /h off kí ààyè lè yọ. Èmi ò ní ṣe é láéláé níbi tí iná ti ń ṣe ségesège báyìí, torí pé nígbà tí bátìrì bá fẹ́ kú, hibernate yẹn ló máa gba iṣẹ́ yín là. Fóldà Downloads ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, àti fídíò WhatsApp. Mo lè fi owó lé e pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

KolokoloMB:
Kí ló dé tẹ́ ẹ ń ṣe wàhálà, mo ní Office 2021 tí wọ́n ti crack, activator tó ń ṣí i láìsanwó wà nínú ẹ̀, n ó fi Windows 11 tí wọ́n ti fọwọ́ ṣe kún un, á wọlé sórí láptọ́ọ̀pù yẹn wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ inbox mi.

SisiKoodu:
@KolokoloMB kò sẹ́ni tó máa inbox ẹ jàre. Kọ̀ǹpútà tí àwọn èèyàn ń fi NIN, BVN àti sabúkéètì wọn tẹ̀ síbẹ̀ lo fẹ́ fi activator tó máa kọ́kọ́ ní kéèyàn pa antivirus kó tó ṣiṣẹ́ sí? Ta ló ṣe é? Kí ló tún kó sínú ẹ̀? LibreOffice wà, kò gba kọ́bọ̀, ó ń ṣí docx, ó ń sọ ọ́ di PDF ní kíláàkì kan.

BabaFlash:
Ẹ kú làálàá o. Ẹ jẹ́ kí n bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ lórí láptọ́ọ̀pù fúnra ẹ̀, torí ìyẹn gan-an ni kókó. Òótọ́ lẹni tó ń tún un ṣe sọ, Windows 11 ń béèrè TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò kékeré kan nínú kọ̀ǹpútà) àti Intel jẹnẹréṣọ̀n kẹjọ sókè, ti yín ò dé bẹ̀. Àmọ́ láptọ́ọ̀pù yẹn ò tíì kú. Microsoft ṣì ń fún àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀ fún ètò tí wọ́n ń pè ní ESU ní àtúnṣe ààbò títí di October 2026, ẹ ṣí Windows Update kẹ́ ẹ wò bóyá ó gbé e síbẹ̀ fún yín. Lẹ́yìn ìyẹn, Linux Mint lọ̀rọ̀ kàn, ètò ọ̀fẹ́ téèyàn lè fi rọ́pò Windows nìyẹn. Èyí tí wọ́n ń pè ní Xfce ni kẹ́ ẹ mú, òun ló fúyẹ́ jù nínú àwọn Mint, RAM 4GB tó o.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Ẹ wá fláàṣì 8GB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kó gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀ kúrò torí ó máa nù, kẹ́ ẹ wá fi Ventoy sí i. Mo fẹ́ràn Ventoy yìí dé ibi pé mi ò kì í jáde láìmú un dání. Tẹ́lẹ̀, ISO kan péré (fáìlì tó kó odindi Windows tàbí Mint sínú) ni fláàṣì kan ń gbà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ òmíì ẹ tún máa fọ̀ ọ́ bẹ̀rẹ̀ látorí òdo. Ventoy ti pa ìyẹn rẹ́. Ẹ kàn máa da ISO sórí fláàṣì bí ẹni ń da orin sórí fóònù, Mint, Windows, èyíkéyìí, tẹ́ ẹ bá ti fi fláàṣì tan láptọ́ọ̀pù, á kó gbogbo wọn síwájú yín pé èwo lẹ fẹ́. ISO Mint tó bíi 3GB, òru ni kẹ́ ẹ dánlóòdù ẹ̀ tí dátà ń rọjú.

Ibi tó wá dùn sí ni pé Mint á ṣiṣẹ́ látorí fláàṣì láìfọwọ́ kan háàdì díìsìkì yín, ẹ lè fi dán gbogbo nǹkan wò kẹ́ ẹ tó pinnu.

OnifotokopiOta:
Ẹ ṣé gan-an ni, mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. @BabaFlash, CorelDRAW ńkọ́? Àwọn tó ń ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó, Corel ni wọ́n máa ń gbé wá.

BabaFlash:
CorelDRAW ò sí fún Linux mọ́. Inkscape, sọ́fítíwíà ìyàwòrán ọ̀fẹ́, lè ṣí CDR (fáìlì Corel) díẹ̀díẹ̀ àmọ́ lẹ́tà máa ń fò kúrò láàyè ẹ̀, mi ò ní tàn yín. Ẹ fi méjèèjì sórí ẹ̀ nígbà náà, Mint fún ohun tó kan íntánẹ́ẹ̀tì, Windows 10 fún Corel nìkan tẹ́ ẹ bá ti yọ Wi-Fi lára ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tan án, á máa bi yín pé èwo lẹ fẹ́ wọ̀.

OmoKetu:
Ẹ kú iṣẹ́ o, láti Kétu ní Benin. Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ Kiwix, ẹnu sì yà mí, torí tí àwọn ọmọ ilé ìwé bá ń wá sí ṣọ́ọ̀bù yín wá ṣe àsáíńmẹ́ǹtì, òun gan-an lẹ nílò. Kiwix ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ gbé gbogbo Wikipedia sórí kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ máa kà á láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá. Láti 2007 ló ti wà. Fáìlì kan ṣoṣo ni, ZIM lorúkọ ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa dánlóòdù ẹ̀. Ti Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú àwòrán tó nǹkan bí 100GB, ìyẹn pọ̀ jù, àmọ́ wọ́n ní èyí tí kò ní àwòrán, wọ́n sì ní èyí tó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ àròkọ kọ̀ọ̀kan nìkan. Ti Yorùbá fúyẹ́ gan-an. Èmi, ti Faransé ni mo gbé torí òun làwọn ọmọ fi ń kàwé níbí. Ọmọ á dé, á wá ohun tó fẹ́, a tẹ̀ ẹ́ jáde, kò sí pé dátà ti tán.

Èkejì ni LocalSend. Oníbàárà tí fáìlì ẹ̀ wà lórí fóònù, ẹ má jẹ́ kó fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp mọ́, ẹ tan hotspot, kó wọ̀ ọ́, LocalSend á gbé e wọlé láìjẹ dátà kankan. Àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ ní in ṣá o.

SisiKoodu:
Ó dáa, ọ̀gá ní ká sọ ohun tó yani lẹ́nu. Ẹ lọ sórí Desktop yín báyìí, ẹ ṣe fóldà tuntun, kẹ́ ẹ sọ orúkọ ẹ̀ ní CON. Ẹ máa dúró kẹ́ ẹ wo ohun tí Windows máa ṣe. Kò ní gbà! Ẹ dán PRN wò, ẹ dán AUX wò, ẹ dán NUL wò, kò ní gbà náà. Àwọn kan á máa sọ pé ẹ̀mí òkùnkùn wà ńbẹ̀, irọ́ gbuu ni. Nígbà tí DOS kọ́kọ́ jáde ní 1981, kò ní fóldà, ojú kan náà ni gbogbo fáìlì wà. Wọ́n wá fi orúkọ kéékèèké fún àwọn nǹkan èèlò kí prógíráàmù lè máa bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń kọ nǹkan sínú fáìlì, CON fún kíbọ́ọ̀dù àti ojú kọ̀ǹpútà, PRN fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, NUL fún ibi téèyàn ń da nǹkan sí tó ń di òfo. Nígbà tí fóldà wá dé pẹ̀lú DOS 2.0 ní 1983, prógíráàmù tó ń lo orúkọ wọ̀nyẹn ti pọ̀ nílẹ̀, wọn ò fẹ́ bà wọ́n jẹ́, ni wọ́n bá jẹ́ kí orúkọ náà máa jẹ́ èèwọ̀ nínú gbogbo fóldà. Ó ju ogójì ọdún lọ, a ṣì ń pa èèwọ̀ náà mọ́.

Èyí tó tún wúlò fún yín ni EICAR. Ọ̀rọ̀ lásán ni, lẹ́tà àti àmì 68 péré, kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá, àmọ́ àwọn tó ń ṣe antivirus ti fohùn ṣọ̀kan pé ibi tí àwọn bá ti rí i, kí àwọn figbe ta bí ẹni rí váírọ́ọ̀sì. Fún ẹ̀yin tí onírúurú fláàṣì ń wọnú kọ̀ǹpútà yín látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ mú un ní eicar.org kẹ́ ẹ fi yẹ antivirus yín wò bóyá ó sùn.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá pàdé 42.zip níbìkan, ẹ má ṣí i o. KB 42 ni, téèyàn bá tú gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ tán, á di petabyte mẹ́rin ààbọ̀, ìyẹn nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ GB.

LekanFerese:
@SisiKoodu mo dán CON wò, ó ní "The specified device name is invalid" 😂 gbogbo ọ́fíìsì ló ti ń dán an wò báyìí, wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́.

Témi ni ìkòkò kọfí Cambridge. Ní 1991, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì yẹn máa ń gun àtẹ̀gùn lọ bu kọfí, kí wọ́n tó débẹ̀ á ti tán. Ni wọ́n bá gbé kámẹ́rà dojú kọ ìkòkò náà kí kálukú lè máa wò ó látorí tábìlì ẹ̀. Ní 1993 wọ́n gbé e sórí wẹ́ẹ̀bù, bí gbogbo ayé ṣe ń wo ìkòkò kọfí àwọn ẹni ẹlẹ́ni nìyẹn. Wọ́n pa á ní 2001, wọ́n gbé ìkòkò náà sórí eBay, ìwé ìròyìn Spiegel ní Jámánì ló rà á, £3,350! Kámẹ́rà wẹ́ẹ̀bù tí gbogbo wa ń lò lónìí, ẹni tó ń sá fún àtẹ̀gùn ló kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀.

OnifotokopiOta:
Ẹ mà ṣeun o. Mo ti fi Everything àti WinDirStat sí i, fídíò WhatsApp ni lóòótọ́, @SisiKoodu owó yín wọlé. Ó ku Mint. Ẹ̀rù ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ń bà mí, torí bí pírínntà ò bá ṣiṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù ti pa nìyẹn.

BabaFlash:
Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lò ó látorí fláàṣì nìyẹn. Ẹ so pírínntà mọ́ ọn, ẹ tẹ ojú ìwé kan jáde, kẹ́ ẹ fi sikánà náà ka nǹkan, torí pírínntà míì á tẹ̀wé dáadáa, sikánà ara ẹ̀ á wá ní òun ò mọ yín rí. HP sábà máa ń rọrùn, wọ́n ní HPLIP, sọ́fítíwíà tó ń mú un ṣiṣẹ́ lórí Linux. Tó bá jẹ́ oríṣi míì, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà tó wà níwájú ẹ̀ síbí, kẹ́ ẹ tó lo dátà 3GB.