Àjẹ̀ bàálù, kì í ṣe abẹ̀bẹ̀: èsì lórí orúkọ àwọn bàálù àtijọ́

Òkun o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìjùmú ní kí a máa pe DC-3, F27 àti gbogbo irú wọn ní "bàálù abẹ̀bẹ̀", nítorí ohun tó ń yí níwájú ẹ́ńjìnnì wọn. Ará wa láti Yàgbà pe ọ́ìlì tó ń há sínú ẹ́ńjìnnì ní "ìdènà omi", ó sì túmọ̀ "feather", ohun tí awakọ̀ ń ṣe sí ohun tó ń yí yẹn nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú lókè, sí "híhu ìyẹ́". Mo mọ rírì iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹni tó ń fẹ abẹ̀bẹ̀ jókòó síbi kan ni, afẹ́fẹ́ ló ń wá bá a. Èyí tó wà níwájú bàálù ń wa afẹ́fẹ́ sẹ́yìn kí bàálù lè lọ síwájú. Iṣẹ́ àjẹ̀, igi tí atukọ̀ fi ń wa omi, nìyẹn gan-an. Ẹni tó bá ti wo atukọ̀ lójú Odò Ọya ní Lọ́kọ́jà á gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe tuntun: ó wà nínú Bíbélì Yorùbá, Esekiẹli orí 27, níbi tí wọ́n ti ń ka igi tí wọ́n fi ṣe ọkọ̀ Tire. Àjẹ̀ mẹ́ta ló wà níwájú ẹ́ńjìnnì DC-3 kọ̀ọ̀kan, ti F27 jẹ́ mẹ́rin.

Wọ́n á ní tí a kò bá fi àmì sí i lórí fóònù, àwọn èèyàn á kà á sí àjẹ́. Òótọ́ ni. Nínú gbólóhùn tó ń sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì, ìtumọ̀ rẹ̀ á hàn, ṣùgbọ́n "bàálù alájẹ̀" nínú àkọlé ìròyìn á dá wàhálà sílẹ̀. Nítorí náà, kí àjẹ̀ jẹ́ orúkọ ẹ̀yà ara bàálù nìkan, kí a sì fi ẹ́ńjìnnì sọ bàálù fúnra rẹ̀ lórúkọ. DC-3 kọ́kọ́ fò ní 17 December 1935. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ní ẹ́ńjìnnì onípísítìnì, Pratt & Whitney R-1830, sìlíńdà mẹ́rìnlá tó tò yípo, agbára ẹṣin 1,200 nígbà tó bá ń gbéra. Tọ́báìnì, èyí tí gáàsì gbígbóná ń yí, ni ti F27, Rolls-Royce Dart, tó ń jó kẹrosíìnì, tó ń yí tó ìgbà 15,000 ní ìṣẹ́jú kan kí gíà tó dín in kù sí bíi 1,400 fún àjẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ohùn F27 fi ń han gooro, tí DC-3 sì ń kùn. Nigeria Airways fi méjèèjì kó èrò. Ẹni tó bá wọ DC-3 á rántí pé inú rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nílẹ̀, torí ìrù ló fi jókòó, èèyàn á sì máa gun òkè lọ sí ìjókòó iwájú. "Bàálù onípísítìnì" àti "bàálù onítọ́báìnì" ni àbá mi. Kò sí mẹkáníìkì ní Kàbbà tó máa béèrè ohun tí àkọ́kọ́ jẹ́.

Ní ti "ìdènà omi", omi kọ́, ọ́ìlì ni. Àwọn sìlíńdà kan nínú R-1830 dorí kodò. Tí bàálù bá sùn mọ́jú, ọ́ìlì á jò gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì písítìnì bọ́ sínú wọn. Ọ́ìlì kò ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Tí sítátà bá fipá yí i, rọ́ọ̀dù tó di písítìnì mú á tẹ̀. Nítorí náà, wọ́n á pa súwìtì magnẹ́tò (ẹ̀rọ tó ń fún pílọ́ọ̀gì ní iná), wọ́n á sì kọ́kọ́ fi ọwọ́ fa àjẹ̀ yí. Gíà 16 sí 9 ló wà láàárín kíráńkì (ọ̀pá tí àwọn písítìnì ń yí) àti àjẹ̀: kí gbogbo sìlíńdà tó yí kan tán, kíráńkì á yí ẹ̀ẹ̀mejì, àjẹ̀ mẹ́ta àti díẹ̀ á kọjá. Nítorí náà, mẹ́rin ló kéré jù, wọ́n sì sábà máa ń fà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá há, ẹ má yí i padà sẹ́yìn o. Ọ́ìlì á sá wọ páìpù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, á tún padà wá há nígbà tí wọ́n bá tan ẹ́ńjìnnì. Pílọ́ọ̀gì ìsàlẹ̀ ni kí wọ́n tú kí ó ṣàn dànù. "Ọ́ìlì há sí sìlíńdà kẹjọ" ti tó. Kò yẹ kí a máa wá orúkọ ńlá fún un.

"Híhu ìyẹ́" ló dùn mí jù. Ọ̀dọ̀ àwọn atukọ̀ ni àwọn Òyìnbó ti mú ọ̀rọ̀ yẹn: tí wọ́n bá ń dá àjẹ̀ padà síwájú, wọ́n á yí i kí etí rẹ̀ la afẹ́fẹ́. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú bàálù. Tí ẹ́ńjìnnì bá kú lókè, atẹ́gùn á ṣì máa yí àjẹ̀ rẹ̀, á máa fa bàálù sẹ́yìn, á sì máa ba ẹ́ńjìnnì náà jẹ́ sí i. Awakọ̀ á kọ́kọ́ mọ èyí tó kú. Á máa fi ẹsẹ̀ kan tẹ pẹ́dà kí bàálù má bàa yà; ẹsẹ̀ kejì tí kò ní ohun tó ń tẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì tó kú wà. Á dín agbára ẹ́ńjìnnì yẹn kù pátápátá, á gé epo rẹ̀, á wá tẹ bọ́tìnnì. Pọ́ǹpù iná mànàmáná á ti ọ́ìlì lọ sí orí àjẹ̀, àjẹ̀ á yí títí etí rẹ̀ á fi kọjú sí atẹ́gùn, á sì dúró. Bọ́tìnnì á di ara rẹ̀ mú, á fò jáde nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Tí kò bá fò jáde, ọwọ́ ni kí wọ́n fi fà á kíá, torí pọ́ǹpù kò ní dáwọ́ dúró, àjẹ̀ á padà sí ìtẹ̀sí tó ti kúrò, á tún bẹ̀rẹ̀ sí yí.

"Fífi etí àjẹ̀ la atẹ́gùn" ni mo fi lélẹ̀. Ó gùn, mo mọ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù ú lọ, kí ó mú un wá, kí ó ṣáà ti fi iṣẹ́ etí àjẹ̀ hàn.