“Àdátúnṣe” tàbí “àfúnraẹniṣe”: èrò mi lórí orúkọ iṣẹ́ àtúnṣe kéékèèké inú ilé

Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ kò gùn. Ọ̀kan nínú wa tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, tó sì ń fi Yorùbá tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ nínú ilé, fẹ́ mọ ohun tí òun lè pe iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe sí ilé ara rẹ̀ láìpe oníṣẹ́ ọwọ́: kí a pààrọ̀ wáṣà ẹ̀rọ omi, kí a gbé ilẹ̀kùn tó ń wọ́lẹ̀ padà sí àyè rẹ̀, kí a dí ojú ibi tí ògiri ti sán, kí a kun fèrèsé. Kí n tó ráyè fèsì, àbá mẹ́ta ti wà nílẹ̀. Ẹnì kan ní kí a pè é ní “àtúnṣe ara-ẹni”. Ẹnì kejì mú “àfọwọ́ṣe” wá. Ẹnì kẹta, tí mo mọ̀ sí ẹni tó máa ń ro ọ̀rọ̀ dénú kó tó sọ ọ́, ní “àdátúnṣe” ni kí a lò, ó sì fi kún un pé “ìtọ́jú” ni kí a máa pe èyí tí a ń ṣe kí nǹkan tó bàjẹ́. Mo fara mọ́ ohun tó sọ nípa ìtọ́jú. N kò fara mọ́ “àdátúnṣe”.

Méjì àkọ́kọ́ kò ní gbà wá lákòókò púpọ̀. “Àtúnṣe ara-ẹni” ti ní iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀: ẹni tó fi ìwà burúkú sílẹ̀ tó mú rere ló ṣe àtúnṣe ara rẹ̀, bí ọmọdé bá sì gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ ìwà ni yóò sọ sí i lọ́kàn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ páìpù. Ní ti “àfọwọ́ṣe”, ọwọ́ ni púlọ́ńbà tí a sanwó fún náà fi ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kò ya onílé sọ́tọ̀ kúrò lára oníṣẹ́. “Àfọwọ́fà” tó jọ ọ́ sì ti bá orúkọ rẹ̀ jẹ́ díẹ̀, nítorí wàhálà tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí.

“Àdátúnṣe” ló yẹ kí a jókòó tì. Ó kúrú, ó dùn létí, ó sì bá ìlànà ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ wa mu. Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni “dá” tó wà nínú rẹ̀, ohun tó sì là mí lójú sí i ni iṣẹ́ kan tí mo ṣe ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Ẹ̀rọ omi tó wà níbi ìfọwọ́ wa ti ń kán láti bí ọjọ́ mélòó kan. Mo ti kọ́ńtíróòlù tó wà nídìí táǹkì pa, mo ṣí ẹ̀rọ náà sílẹ̀ kí omi tó kù nínú páìpù lè dà tán, mo fi sípánà tú orí rẹ̀, mo sì fa ọ̀pá inú rẹ̀ jáde. Wáṣà wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá náà, rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan tí kò fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ibi tó ti ń tẹ ẹnu ihò omi láti ọdún pípẹ́ ti jẹ ojú rẹ̀ wọnú, ó wá dá kòtò róbótó kan sí i, ẹ̀gbẹ́ kòtò náà kan sì ti ya. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 9, ló di tọ́ọ̀ṣì mú fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun náà ló sì fi àwo gba nọ́ọ̀tù kéékèèké kí wọ́n má baà bọ́ sínú ihò tí omi ń gbà lọ. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wọlé tó béèrè bóyá púlọ́ńbà wá, mo dá a lóhùn pé: “Rárá o, fúnra mi ni mo tún un ṣe.” Bí ó bá ṣe pé “mo dá a ṣe” ni mo sọ ni, ọmọ tó di tọ́ọ̀ṣì mú ìbá yarí fún mi, òun ni ìbá sì jàre.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Nínú “dá gbé”, “dá jẹun” àti “dá rìn”, ohun tí “dá” ń sọ fún wa ni pé kò sí ẹlòmíràn pẹ̀lú ẹni náà. “Fúnra” kò sọ bẹ́ẹ̀. Bí a bá ní Kábíyèsí fúnra rẹ̀ ló wá síbi ìsìnkú kan, kò sí ẹni tí yóò rò pé Kábíyèsí dá wá. Ìjòyè àti onílù wà lẹ́yìn rẹ̀, ohun tí a ń sọ ni pé kò rán ẹlòmíràn. Ohun tí ẹni wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sì ń wá gan-an nìyẹn: iṣẹ́ tí onílé kò rán ẹlòmíràn, yálà ọmọ bá a di tọ́ọ̀ṣì mú, tàbí aládùúgbò bá a gbé àkàbà. Bí a bá fi “dá” sọ ọ́ lórúkọ, a ó ti gba ìrànlọ́wọ́ inú ilé kúrò nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nídìí irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ iṣẹ́ náà àti orúkọ ohun èlò rẹ̀.

Nítorí náà, “iṣẹ́ àfúnraẹniṣe” ni mo dábàá. Àwọn kan yóò ní ó gùn jù. Sílébù 6 ni “àfúnraẹniṣe” ní, iye kan náà ni “amóhùnmáwòrán” ní, ọ̀rọ̀ tí a nílò nígbà tí iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959, tí ó sì ti mọ́ wa lẹ́nu dòní. “Ìkóra-ẹni-níjàánu” ní 9, ojoojúmọ́ ni a sì ń gbọ́ ọ nínú ìwàásù. Bí ọ̀rọ̀ bá ti sọ ohun tó fẹ́ sọ láìfi nǹkan pamọ́, gígùn rẹ̀ kì í dí i lọ́wọ́.

Ẹ ó rí i pé n kò fi “tún” sínú rẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni. “Ó tún un ṣe” túmọ̀ sí pé nǹkan tó bàjẹ́ ti dára padà. “Ó tún ṣe é” túmọ̀ sí pé ó ṣe ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ipò tí arọ́pò-orúkọ wà nínú gbólóhùn ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀, bí a bá sì ti sọ ọ̀rọ̀-ìṣe náà di orúkọ, ìyàtọ̀ náà pòórá. Yàtọ̀ sí èyí, “tún ilé ṣe” ní ìtumọ̀ tirẹ̀ lẹ́nu gbogbo abiyamọ. Bí ìyá bá ní kí ọmọ tún ilé ṣe kí àlejò tó dé, ìgbálẹ̀ ni ọmọ ń lọ mú, kò jẹ́ ronú kan òòlù. “Àtúnṣe” fúnra rẹ̀ ti ru ẹrù púpọ̀: àtúnṣe òfin wà, àtúnṣe ìwà wà, òun náà ni a sì ń tẹ̀ lórí Wikipedia Yorùbá bí a bá fẹ́ yí ohun tí a kọ padà. N kò ní kí a má lò ó fún nǹkan ilé, ṣùgbọ́n kí a máa dárúkọ nǹkan náà mọ́ ọn: àtúnṣe ẹ̀rọ omi, àtúnṣe ilẹ̀kùn, àtúnṣe àga.

Ibi tí ọkàn mi wà jù lọ nìyí, n kò sì rí ẹni tó fọwọ́ kàn án nínú àwọn tó ti sọ̀rọ̀. A ń wá orúkọ ńlá kan tí yóò bo gbogbo iṣẹ́ náà, nígbà tí agbára Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ọ̀rọ̀-ìṣe kéékèèké tó ń sọ ohun tó ṣe nǹkan. Ẹ fi omi wò ó. Nínú Yorùbá tí mo gbọ́ dàgbà, omi tó ń bọ́ ní ẹyọ ní ẹyọ láti ẹnu ẹ̀rọ tí a ti tì pa, ó ń kán. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí a ṣí ẹ̀rọ ni omi ń yọ lọ́rùn rẹ̀, lábẹ́ ibi tí a ń dì mú yí, ẹ̀rọ náà ń jò, gẹ́gẹ́ bí òrùlé ti ń jò àti bí korobá ti ń jò, nítorí omi gba ibi tí kò yẹ kó gbà. Bí ara ògiri bá sì ń tutù, tí ọ̀dà rẹ̀ ń wú, tí ẹnikẹ́ni kò rí ojú ibi tí omi ti wá, omi ń sun níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a ti rí “ìsun omi”. (Mo ń gbọ́ “ro” náà, ṣùgbọ́n oyin àti epo pupa ni mo sábà máa ń gbọ́ ọ fún; ìlú yín lè yàtọ̀.) Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ mẹ́ta yìí ti mọ ibi tí iṣẹ́ wà kó tó mú sípánà. Èyí tó ń kán, wáṣà rẹ̀ ló jẹ. Èyí tó ń jò lọ́rùn, kí a kọ́kọ́ dè é díẹ̀ sí i, bí kò bá gbọ́, kí a pààrọ̀ òrùka rọ́bà tàbí okùn tí wọ́n fi dí ọrùn rẹ̀. Èyí tó ń sun, inú ògiri ni páìpù rẹ̀ ti bẹ́, ìgbà náà ni kí onílé pe púlọ́ńbà.

Bákan náà ni ògiri. Ògiri tó sán kò tíì lanu. Òwe tó ní bí ògiri kò bá lanu aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀ ti fi ìwọ̀n sí i: èyí tí aláǹgbá lè wọ̀ ló lanu. Èyí tó sán, a lè fi ohun tí àwọn pẹ́ńtà fi ń pa ojú ògiri dí i, kí a fi ìwé iyanrìn fá a kó dán, kí a kùn ún. Èyí tó lanu, a ó kọ́kọ́ ha gbogbo ohun tó ti dẹ̀ nínú rẹ̀ kúrò, a ó fi omi rin ín, lẹ́yìn náà ni a ó fi símẹ́ǹtì ìwọ̀n 1 àti iyanrìn ìwọ̀n 3 tí a pò pọ̀ kì í. Bó bá tún lanu lójú kan náà, ìpìlẹ̀ ilé ni kí a lọ wò.

Ẹnì kan dábàá pé kí a pa “wáṣà” tì, kí a máa pè é ní “òrùka rọ́bà”. Ẹ jọ̀wọ́, kí a má ṣe bẹ́ẹ̀. Òrùka máa ń yí nǹkan ká ni, èyí tó wà lọ́rùn ẹ̀rọ sì ni orúkọ náà tọ́ sí. Iṣẹ́ wáṣà ni kó bo ẹnu ihò pa, bó tilẹ̀ ní ihò kékeré láàrin tí nọ́ọ̀tù gbà dè é mọ́ ọ̀pá. Bí mo bá dé ìsọ̀ tí mo béèrè òrùka rọ́bà, ti ọrùn ni wọn yóò nà sí mi, n ó sì gbé e délé kí n tó mọ̀ pé n kò ra ohun tí mo wá rà. Wáṣà ti di Yorùbá lẹ́nu àwọn tó ń lò ó, ó ti tó.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ irin tí ilẹ̀kùn fi ń ṣí tó fi ń tì yàtọ̀, nítorí a ti ní “ìwakùn” láti ìgbà pípẹ́. Ó wà nínú Bíbélì àtijọ́, nínú Ìwé Òwe, níbi tí wọ́n ti fi ọ̀lẹ tó ń yí lórí ẹní rẹ̀ wé ilẹ̀kùn tó ń yí lórí ìwakùn. Ẹ jẹ́ kí a gbé e dìde padà dípò kí a máa ṣẹ̀dá òmíràn.

Ó ku ìtọ́jú. Àwọn kan ní “àmójútó” ló sàn. Ojú ló wà nínú àmójútó, ọwọ́ kò sí níbẹ̀. Onílé tó dúró nísàlẹ̀ tó ń wo ewé tó kún ojú ọ̀nà omi òrùlé rẹ̀ ti ṣe àmójútó. Ẹni tó gun àkàbà kó o kúrò kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé ló ṣe ìtọ́jú. Àwọn tó sì ní aláìsàn ni a ń tọ́jú, nítorí náà nǹkan gbọ́dọ̀ ti bàjẹ́ kí á tó tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n rántí pé a ń tọ́jú ọmọ tí ara rẹ̀ yá. Kí a da epo sí ìwakùn, kí a pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀rọ amúnáwá, kí a kun igi fèrèsé kí òjò tó jẹ ẹ́, ìtọ́jú ni gbogbo rẹ̀. Àṣà náà kì í sì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Ní Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, nígbà ọdún Bẹẹrẹ, àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Aláàfin a máa kó koríko bẹẹrẹ wá tí a ó fi bo òrùlé ààfin. Iṣẹ́ ìtọ́jú ilé tó ní àkókò tirẹ̀ lọ́dọọdún ni, “bo” sì ni ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀.

Ohun tí mo wá fẹ́ kí ẹ bá mi wá ni èyí. Ilẹ̀kùn yàrá wa ń wọ́lẹ̀ nítorí pé ihò súkúrù ìwakùn rẹ̀ ti fẹ̀, súkúrù náà ń yí lófo, kò di nǹkan kan mú mọ́. Mo gé pákò tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà pa á lára, mo kì í bọ ihò náà, nígbà tó gbẹ tán mo tún de súkúrù padà, ó sì mú. Mo mọ bí mo ṣe lè ròyìn gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí káfíńtà ìlú yín ń lò fún ihò tó ti fẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni n kò ní. Èyí tó sún mọ́ ọn jù lẹ́nu àwọn tí mo ti bi ni “ó ti jẹ”, bí a ṣe ń sọ ọ́ fún bàtà àti táyà. Bí ẹ bá ní òmíràn lọ́dọ̀ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, kí ẹ sì sọ ìlú tí ẹ ti gbọ́ ọ.