Ẹ̀yìn síìdì ló yẹ ká máa ṣọ́, àwa ń ṣọ́ ikùn

Ọmọ Kàbà:
Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó bá yá fídíò wò rí lápá ọ̀dọ̀ wa, láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, ẹ wá sọ ohun tójú yín rí. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀ṣẹ̀ tèmi pọ̀.

Àǹtí mi ló ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń yá fídíò. Kásẹ́ẹ̀tì dúdú gbàgìdì yẹn la fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí ẹ̀rọ máa ń jẹ tépù rẹ̀ bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ èèpo iṣu. Kò pẹ́, síìdì gbalẹ̀. Tí mo bá ti dé láti iléèwé, èmi ni mo ń jókòó síbẹ̀. Mo ń kọ orúkọ ẹni tó yá a sínú ìwé, mo sì ń nu èyí tí wọ́n bá dá padà.

Eré kan, síìdì méjì. Ẹ ò lè gbàgbé A àti B. Ohun tó fà á ni pé VCD, ìyẹn síìdì eré yẹn, ẹyọ kan ò lè gbà ju bíi ìṣẹ́jú 74 lọ. B yìí ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Bàbá kan dá eré padà, mo ṣí páálí, A wà níbẹ̀, àmọ́ síìdì ìwàásù ló wà níbi tó yẹ kí B wà. Bàbá ní B náà ni, pé òun wò ó tán, ó sì dùn.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi wá nìyí. Ikùn síìdì, ibi tó ń dán, la máa ń ṣìkẹ́ bí ọmọ tuntun. Àǹtí á ní, "Má fọwọ́ kàn án níbẹ̀ yẹn o!" Àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí àwòrán àwọn òṣèré wà, báírò ni mo fi ń kọ Ẹ DÁ A PADÀ sí i, mo sì máa ń tẹ̀ ẹ́ dáadáa kó lè hàn. Tó bá wá ń há, ikùn la máa fi ọṣẹ ìfọyín pa, la máa fi òwú nù. Á ṣì máa há.

Ọ̀gá kan tó ń tún rédíò ṣe ló là mí lójú. Ó gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi, ó gbé e sókè síwájú gílóòbù, ó ní, "Wò ó." Ihò tíntìntín bí ojú abẹ́rẹ́, ìmọ́lẹ̀ ń gbabẹ̀ yọ, tò tò tò, lórí lẹ́tà tí mo kọ gan-an. Ó ní ike lásán ni ikùn tí à ń pọ́n lé yẹn, ó ju mìlímítà kan lọ ní nínípọn, ojú ẹ̀rọ kàn ń gba inú rẹ̀ wo òkè ni. Òkè lọ́hùn-ún, lábẹ́ àwòrán, ni eré wà. Alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló bò ó, ọ̀dà díẹ̀ ló sì wà lórí ìyẹn. Ikùn tó bá ha, èèyàn lè dán an. Ẹ̀yìn tó bá ha, ó parí.

Mi ò sọ fún Àǹtí títí dòní. Àwọn oníbàárà ló ń bú.

Bọ̀dá Oníṣẹ́-Rédíò, Ẹ̀gbẹ̀:
Òótọ́ lọ̀gá yẹn sọ. VCD nìkan lọ̀rọ̀ yẹn wà fún o. DVD ò rí bẹ́ẹ̀. Ike méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ bíi búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹyin há láàárín, ibi tí ẹyin wà yẹn leré wà.

Ẹ máa ń bi mí ìdí tí DVD kan fi ń gba eré púpọ̀. Ẹ wo ẹnu báírò. Bó bá ṣe tín-ín-rín tó ni ìkọ̀wé á ṣe kéré tó, ìwé kan náà á sì gba ọ̀rọ̀ púpọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ lésà tó ń kà á. Ti síìdì nípọn, ti DVD, tó pupa, tín-ín-rín jù ú lọ, ti Blu-ray, irú àwo tó tẹ̀ lé DVD, tó jáde ní 2006, wá tín-ín-rín jù gbogbo wọn. Blu-ray yìí, ẹyọ kan péré ni wọ́n gbé wá bá mi rí, ọmọ tó ti òkè òkun dé ló ni ín. Fóònù àti fíláàṣì ti gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dọ́dọ̀ wa.

Àwa nílé ò fojú rí èyí àkọ́kọ́ pàápàá, LaserDisc, tí wọ́n ti ń tà ní Amẹ́ríkà láti 1978. Ó fẹ̀ tó ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà, bí àwo orin àtijọ́. VCD tí Philips, Sony àtàwọn ẹgbẹ́ wọn gbé jáde ní 1993 ni tiwa, tiwa àti ti àwọn ará Ṣáínà. Amẹ́ríkà ò kà á sí.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù: ìyá kan gbé DVD mẹ́wàá wá, ọmọ rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, kò sí èyí tó ṣí nínú wọn. Ó ti ra ẹ̀rọ tuntun nítorí wọn, ìbínú ló bá wọlé. Àwọn tó ń ṣe eré ló pín ayé sí agbègbè agbègbè: Amẹ́ríkà 1, Nàìjíríà 5. Ẹ̀rọ tó jẹ́ ti 5 kì í ṣí àwo tó jẹ́ ti 1. Mo tẹ nọ́ńbà kan lórí rìmóòtù ẹ̀rọ Ṣáínà rẹ̀, ó ṣí. Ìyá yìí gbàdúrà fún mi títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sì sanwó.

Ìyá Ìbejì, Ìsánlú:
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, àyà mi ń já.

Ìsìnkú ìyá mi, oní-fídíò fún wa ní síìdì méjì, ó lẹ fọ́tò Màmá mọ́ ẹ̀yìn wọn. Èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi sọnù nígbà tó kó ilé. Tèmi wà nínú dúrọ́ọ̀. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, etí bébà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ká, mo ní kí n ṣí i kúrò kó má baà há sínú ẹ̀rọ. Mo fi omi gbígbóná rìn ín, mo rọra ń fà á. Ó wá lóòótọ́. Ó bá nǹkan fàdákà kan wá, bí awọ ṣe ń bó lára ẹni tí oòrùn jó. Síìdì wá kù bíi gíláàsì, mò ń rí ọwọ́ ara mi ní òdìkejì. Mo ṣì fi sínú ẹ̀rọ. Ó yí, ó yí, ó kọ NO DISC.

Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sọ́gbọ́n?

Bọ̀dá Oníṣẹ́-Rédíò, Ẹ̀gbẹ̀:
Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Awọ tó bó yẹn leré. Ẹ wá oní-fídíò yẹn kàn, àwọn kan máa ń tọ́jú ojúlówó kásẹ́ẹ̀tì kámẹ́rà.

Ìyá Ìbejì, Ìsánlú:
Ó ti kó lọ sí Lọ́kọ́jà, nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ. Màá ní kí ẹnì kan bá mi wádìí.

Ọmọ Mọ̀pà:
Àwọn síìdì tó kù nílé wa, màmá mi so gbogbo wọn mọ́ okùn sínú oko àgbàdo, kó lè máa kọ mànà lé ẹyẹ. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹyẹ sá. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀kan bà lórí okùn, ó ń wo ara rẹ̀ nínú síìdì.