Ẹ̀rọ NMR kan fún gbogbo ìpínlẹ̀: ẹ̀rọ ni ká kọ́kọ́ rà ni, àbí ènìyàn la ó kọ́kọ́ gbà?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tí EPSCoR, ètò NSF (àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń náwó fún ìwádìí sáyẹ́ǹsì), ń ràn lọ́wọ́ ni mo gbé wá, àwọn tí ìpín wọn nínú owó ìwádìí NSF kò ju 0.75% lọ. Ká ní yunifásítì méjì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì mélòó kan fẹ́ jọ lo ẹ̀rọ NMR kan, ẹ̀rọ onímagnẹ́ẹ̀tì ńlá tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì fi ń mọ bí mólíkù ṣe rí, kí wọ́n sì fi kọ́ ọmọ níṣẹ́. Ibo ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀? Kí ló máa ń dà á rú?

Ìdáhùn 1
Ènìyàn ni o. Ẹ ti gba ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ kí ẹ̀rọ tó wọlé, kí owó oṣù rẹ̀ sì wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì yunifásítì fúnra rẹ̀. Owó ìwádìí á tán ní ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ̀rọ á ṣì wà nílẹ̀. Fún àtúnṣe, ẹ máa ya nǹkan bí ìdá mẹ́wàá iye tí ẹ rà á sọ́tọ̀ lọ́dọọdún.

Ẹ ṣọ́ra níbi owó tí ẹ ń gbà fún wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn bá lo ẹ̀rọ o. Òfin ìjọba àpapọ̀, 2 CFR 200.468, kò gbà kí ẹ gba owó tó pọ̀ jù lọ́wọ́ iṣẹ́ tí owó ìjọba àpapọ̀ ń gbé, kí ẹ wá dín in kù fún àwọn ará yunifásítì yín.

Ìdáhùn 2
Hílíọ̀mù ni ẹ gbàgbé. Inú hílíọ̀mù olómi, ní nǹkan bí −269°C, ni wáyà magnẹ́ẹ̀tì wà. Náítírójìn olómi, −196°C, ló yí i ká kí hílíọ̀mù má baà tètè fẹ́ lọ. Náítírójìn fẹ́ ìkún ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì síra, hílíọ̀mù ní oṣù díẹ̀ síra.

Àsìkò ìsinmi ni wàhálà máa ń dé: ẹni tó ń rọ ọ́ ti lọ, kò sẹ́ni tó wo gééjì. Bí hílíọ̀mù bá lọ sílẹ̀ jù, wáyà á gbóná, agbára inú rẹ̀ á di ooru lójijì. Òun ni wọ́n ń pè ní quench. Lítà hílíọ̀mù kan á di nǹkan bí 750 lítà gáàsì, á lé ọ́síjìn kúrò nínú yàrá, kò sì ní òórùn kankan. Ẹ kan ohun tó ń wọn ọ́síjìn mọ́ ògiri, ẹ fa páìpù tí gáàsì ń gbà jáde síta gbangba. Ẹni méjì ni kí ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń rọ ọ́, kì í ṣe ẹnì kan.

Ìdáhùn 3
Ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìgbà, orúkọ wọn lásán ló ń wà nínú ìwé. Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ po ohun tí ẹ̀rọ fẹ́ yẹ̀ wò fúnra wọn: túùbù onímílímítà 5, àpòpọ̀ olómi nǹkan bí 0.6 mL. Ẹ ní kí wọ́n gbé túùbù sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Bí èérún tí kò yọ́ bá ń léfòó nínú rẹ̀, kí wọ́n sẹ́ ẹ, torí òun ló ń mú kí ìlà inú èsì fẹ̀ bẹẹrẹ. Ọjọ́ kan pàtó lọ́sẹ̀ ni kí túùbù máa lọ sí yunifásítì. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọmọ á ti darí ẹ̀rọ.

Ẹ san owó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ló ń lé ọmọ tó ń bọ́ ara rẹ̀ sẹ́yìn.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n bá ṣe ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn, ṣé yunifásítì á kà á?

Ìdáhùn 3
Àfi bí ẹ bá ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kí ọmọ àkọ́kọ́ tó forúkọ sílẹ̀. Ẹ kọ kóòdù kọ́ọ̀sì méjèèjì síbẹ̀. Bí wọ́n bá kà á sí kọ́ọ̀sì àfikún lásán, tí kò sí lára ohun tí ẹ̀ka kẹ́mísírì ń béèrè, ọmọ náà á tún un ṣe.